Alága Láàárín Òkú

Wọ́n ní Ìyá Ìdíátù tó ń ṣọ́ ìwé orúkọ ẹgbẹ́, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kọ orúkọ alága ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá mọ́ ti àwọn òkú nígbà tí alága ṣì ń jẹ, tó ń mu. Rachelle, akọ̀wé ẹgbẹ́, gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó fi ìdajì rẹ́rìn-ín, títí ó fi ṣí ìwé orúkọ fúnra rẹ̀. Òótọ́ mà ni! Alága kó kúrò ní àdúgbò Ablogamé, kò sọ fẹ́nì kan. Ìyá ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn.

"Ẹni tí mo pè tí kò jẹ́, ibo ni kí n kọ ọ́ sí?" ni Ìyá bi Rachelle.

Lọ́jọ́ kejì tí alága gbọ́, ó sáré dé, òógùn bò ó, ó ní ààyè lòun. Ìyá wò ó látòkè délẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí yín ńkọ́?"

Fabrice, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹgbẹ́, náà wá, ó ń tọrọ nọ́ńbà tẹlifóònù gbogbo obìnrin ẹgbẹ́, pé òun fẹ́ kí wọn kú ọdún. "Dúró síbí kí o pariwo," ni Ìyá wí, "wọ́n á gbọ́."

Àmọ́ ìbínú gidi dé lọ́jọ́ tí wọ́n ka ètò ọdún márùn-ún. Rachelle ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa sínú kọ̀ǹpútà: wọ́n máa kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí Ablogamé. Ìwé àtijọ́ inú dúrọ́ọ̀ alága ló fi ṣírò iye àwọn aboyún.

"Ta ló ka àwọn èèyàn yìí? Nígbà wo?" ni Ìyá bi wọ́n.

"Màmá, ká ṣètò ná. Orúkọ á tẹ̀ lé e," ni alága wí.

"Tẹ̀ lé e kẹ̀! Àwọn aboyún ti kó lọ àdúgbò Légbassito, Rosalie bímọ sójú títì lóṣù tó kọjá, ẹ̀ ń pè mí sí Ablogamé! Mo ti ń ṣọ́ orúkọ yín láti ọdún gbọọrọ wá, ẹnì kan ò bi mí léèrè rí kẹ́ ẹ tó ṣètò. Ẹ ò mọ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń kọ́lé fún!"

Légbassito ni ilé ìgbẹ̀bí wà lónìí, torí Ìyá wọ ojúlé dé ojúlé, ó ka àwọn aboyún tán kó tó kú. Rachelle ló ń ṣọ́ ìwé báyìí. Orúkọ gbogbo èèyàn ló ń kọ bó ṣe yẹ, àfi ti Ìyá nìkan ni kò tíì lè kọ mọ́ ti àwọn òkú. Ó ní òun ń retí ẹlẹ́rìí. Bó bá ti mú bíìkì ìkọ̀wé, ọjọ́ tí wọ́n ka ètò yẹn ló máa ń rí: alága ń na ìka, ó ń pariwo, "Màmá, mo ní ẹ jókòó!"

Ìyá fi ìwé há abíyá. "Orúkọ yín ṣì wà níbi tí mo kọ ọ́ sí, Alága. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ òkú rí." Ó sì jáde.