Olú Tí Mo Ṣẹ́ Láìwo Ìdí Rẹ̀

Òjò ṣú láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyẹn ló jẹ́ kí n kánjú. Olú ni mò ń tà láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Bí òjò bá ti rọ̀, màá gbé agbọ̀n wọ oko ẹ̀yìn Ìlọ́bù, màá sì kiri ọjà mi dé Ìfọ́n.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó máa ń sọ pé olú kì í ṣe ewéko, ikán sì ni àgbẹ̀ rẹ̀. Ikán á jẹ igi àti ewé gbígbẹ, á fi ṣe ebè sínú ilé rẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, olú á sì hù lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí olú tí à ń wá fi ní gbòǹgbò gígùn tó wọlẹ̀ lọ bá ikán.

"Ìyàwó, má ṣẹ́ olú o," ló máa ń wí. "Wa ìdí rẹ̀, kí o rí ibi tó ti wá."

Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣẹ́ ẹ. Kódà mo ká àwọn kan lábẹ́ igi tó jìnnà díẹ̀ sí ọ̀gán tí ikán mọ, mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní Ìfọ́n, Ìyá Bọ́lá, ìyàwó tíṣà kan, nìkan ló rà lọ́wọ́ mi. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá ọkọ mi ń ṣa èyí tó kù fún ọbẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sókè. Ìyẹn nìkan ló fà tu tìdítìdí: kò ní gbòǹgbò, ìdí rẹ̀ wà nínú àpò funfun bí èèpo ẹyin tó fọ́.

"Ìyàwó, àwọn yòókù dà?"

"Mo ti tà wọ́n, ìyá."

"Èyí kì í ṣe ti ikán. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kì í tètè mọ̀. Kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, májèlé ti wọ ẹ̀dọ̀." Kò pariwo. "Má jókòó. Máa lọ."

Mo sáré dé Ìfọ́n. Ìyá Bọ́lá ti fọ ìkòkò, ó ti dà á dé.

"Ẹ tún padà wá? Olú yín mà dùn o!"

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

Ọkọ rẹ̀ dé láti ilé ìwé, ó wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí a máa ṣọ́ ọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ja tẹ̀sùbáà. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, màá dìde. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó ń béèrè ẹ̀kọ. Ìyẹn pàápàá dẹ́rù bà mí, torí mo ti gbọ́ pé májèlé náà máa ń ṣe bí ẹni pé ó ti lọ kí ó tó padà wá pa èèyàn. Ọjọ́ kẹta ni dókítà ní kí ó máa lọ sílé. Nǹkan kan kò ṣe é; bóyá èyí tó burú kò sí nínú èyí tó rà.

Ọkọ rẹ̀ wò mí títí. "Bí ẹ bá dákẹ́, ta ni ìbá mọ̀?"

Ẹkún ni mò ń sun.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Ìfọ́n. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí mo ṣe gbé agbọ̀n lọ ni mò ń gbé e bọ̀. Mi ò bá wọn wí. Títí Ìyá Bọ́lá fi pè mí lọ́jọ́ kan, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn aládùúgbò dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Mo sọ agbọ̀n kalẹ̀, mo mú olú kan tòun ti gbòǹgbò àti erùpẹ̀ rẹ̀.

"Ibi tí ẹ ó máa wò nìyí."

Ìyá Bọ́lá ń yí àwọn olú inú agbọ̀n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Aládùúgbò kan wá lóṣòó tì í, òun náà ń yẹ̀ wọ́n wò. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rà lọ́wọ́ mi ní Ìfọ́n tí kì í kọ́kọ́ wo ìdí olú. Ó kọ́kọ́ dùn mí. Nígbà tó yá, bí ẹnì kan bá fẹ́ mú un láìwò, èmi ni mò ń di ọwọ́ rẹ̀ mú.