Fèrè Orí Àpáta Ìwàrò-Ọ̀kà

Ọmọ kékeré ni mo ṣì jẹ́ ní Ìwàrò-Ọ̀kà nígbà tí bàbá kan ti Èkó dé pẹ̀lú fèrè idẹ nínú àpótí dúdú. Ó ti bá àwọn eléré ńlá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà wálé. Ìjọ wa ní kí ó máa kọ́ àwa ọmọdé bándì ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọ́ wa ní orin ìsìn tán, á kó èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ sórí àpáta lẹ́yìn ìlú, kí ó lè kọ́ wa ní orin tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn. Jáàsì ni ó ń pè é.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé ìwé ni a fi kọ́ ọ. Bàbá náà á dúró sórí àpáta kan, àwa á dúró sórí èkejì, oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan wà láàárín wa. Òun á fun gbólóhùn orin kan, ẹnì kan nínú wa á sì fun tirẹ̀ padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí ó fun gan-an ni mo tún fun. Mo rò pé yóò yìn mí.

"Ta ní ní kí o sín mi jẹ?" ó pariwo láti òdìkejì. "Àpáta yìí ti ń sín mi jẹ láti ìgbà tí a ti dé, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Dá mi lóhùn, olórí kunkun!"

"Kí ni kí n sọ, Bàbá?"

"Bí mo bá bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, ṣé wàá bi mí pé ṣé mo ti jẹun? Sọ ohun tí o jẹ fún mi! Bí ebi bá sì ń pa ọ́, fi fèrè sọ ọ́."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí fèrè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Á mú ohùn tí bàbá fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, á gbé e gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò retí, síbẹ̀ kò ní sọnù. Èmi pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo fi kàn ń tẹ́tí sí wọn, nítorí bàbá ní ẹni tí kò bá lè gbọ́ ẹlòmíràn, ariwo ni yóò máa pa.

Nígbà tí ó yá, àwa méjèèjì ń fi fèrè bi ara wa, a ń fi bú ara wa, a ń fi bẹ ara wa. Ìyá mi, tí ó máa ń yan púpurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, lórí iná lẹ́yìn ilé, pè é ní orin ọ̀mùtí. Àfi ọjọ́ kan tí ó wò mí lójú, ó ní, "Èwo nínú yín ló ń bínú lánàá? Ẹ lọ parí ìjà yín." Òótọ́ sì ni, a ti jà.

Bàbá náà kú, àwa sì dàgbà. Mo ń ta pákó ní Ìkàrẹ́, ọ̀rẹ́ mi ń dáko, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé a máa ń pàdé lórí àpáta. Àwọn ará oko á ní, "Wèrè méjì ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ní ọ̀kan nínú àwọn Sátidé yẹn, kò tíì pẹ́ rárá, àwọn ọkùnrin kan tó gbé ìbọn lọ́wọ́ yọ sí wa láti inú igbó. Ohùn fèrè wa ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin lẹ pè wá. A ti dé." N kò ní sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, tàbí ibi tí wọ́n kó wa lọ. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ, a ṣì ń gba ọ̀nà yẹn. Wọ́n yà wá kúrò lọ́dọ̀ ara wa nínú igbó. Wọ́n dá mi sílẹ̀, wọn kò dá ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀. A kò rí i, a kò sì rí òkú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nílé. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun àpáta yẹn, kí ẹ fun fèrè. Bí ó bá wà láàyè, á mọ ohùn yín, á mọ ọ̀nà ilé."

"Ìyàwó wa, àwọn yẹn náà á gbọ́."

"Òun náà á gbọ́."

Àwọn ọdẹ ìlú ti ní kí ẹnikẹ́ni má gun ibẹ̀ mọ́. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Ó dìde, ó sì lọ. Kò kí mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ayé ìgbà yẹn kọ́ ni ayé yìí. Nígbà èwe wa, bí àwọn ìyá wa bá ń gbọ́ wa lókèèrè, ọkàn wọn á balẹ̀. Lónìí, ìyá tí ó bá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lókèèrè á sáré lọ mú un wọlé. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n inú yàrá ni, fèrèsé á wà ní títì, a ó sì ki aṣọ bọ ẹnu fèrè. Wọ́n ń gbọ́ jáàsì lórí fóònù, ìka wọn sì yá ju tiwa lọ. Síbẹ̀, bí mo bá ní kí ẹnì kan fun tinú ara rẹ̀, ojú ilẹ̀kùn ni á kọ́kọ́ wò. Bí ajá bá gbó níta, mo máa ń gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ wọn, ìyẹn ni wọ́n mọ̀ jù.