Ilẹ̀kùn Tí Ẹrù Bò Mọ́lẹ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n pè wá láti oko pé orúnkún ìyá ọkọ mi ti wú, wọn kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ dáadáa mọ́. Ọkọ mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ sọ fún Màámi kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́. Ní Sátidé, mò ń bọ̀ wá gbé wọn wá sí Ìlá." Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń bi ara mi pé, ibo la fẹ́ kí wọ́n sùn sí?

Kì í ṣe pé ilé wa kéré o. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, bàbá ọkọ mi ló kọ́ ọ nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì tẹ kòkó dáadáa. Aránṣọ kan háyà iwájú ìsàlẹ̀, àwa sì ń gbé lókè, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò lè máa gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́. Yàrá ẹ̀yìn ní ìsàlẹ̀ nìkan ló yẹ Màámi, yàrá yẹn gan-an sì ni ẹrù ti kún dé àjà.

Kí ni kò sí níbẹ̀? Jẹnẹrétọ̀ tó ti dákẹ́, táyà ọ̀kadà, kúlà tí kò ní ìdérí, ìwé àwọn ọmọ láti ìgbà jẹ́lé-ó-sinmi, bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ike àti abọ́ tí wọ́n fún wa níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó wà níbẹ̀ lọ jàra, a kò fi wọ́n jẹun rí. Nígbà tí yàrá kò gbà mọ́, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ wá bá wa lókè. Láàárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, ariwo ni ilé wa. Ẹni kan ń wá ibọ̀sẹ̀, ẹni kejì ń wá bẹ́líìtì, èmi tí mo jẹ́ tísà sì ń wá kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti ti ilé-ìwé dé, mo so ìró mọ́ra, mo sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà. Ìdì abọ́ kan yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, ó dà lé mi lẹ́sẹ̀. Àkọ́bí wa, ọmọbìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, dúró lẹ́yìn mi.

"Mọ́mì, èwo la máa kọ́kọ́ kó?"

"Gbogbo rẹ̀. Ohun gbogbo á jáde sójúde. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá lò, kò ní padà wọlé."

Àwọn ọmọ rò pé eré ni. Wọ́n ń gbé, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí aṣọ tí wọ́n wọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Kò pẹ́ tí ojúde fi kún. Ìyá kan láti sọ́ọ̀sì wa tó ń kọjá lọ dúró, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ìyàwó, ṣé kò sí o? Ṣé ẹ ń kó kúrò nílé ni?"

Mo ní, "Rárá, Mà. A ń kó wọlé ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti ẹnu mi jáde kí n tó mọ̀, ó sì fún mi lágbára ju oúnjẹ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé láti Ọ̀tan Ayégbajú. Kò tíì kí wa tán tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sára jẹnẹrétọ̀.

"Ta ló gbé jẹnẹrétọ̀ mi síta?"

"Èmi ni, Dádì wọn. Ó ti kú."

"Kò kú. Púlọ́ọ̀gì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu."

"Ẹ jọ̀ọ́, púlọ́ọ̀gì wo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wa kò tíì mọ̀ ọ́n rìn?"

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dá jẹnẹrétọ̀ gbé, ó ń mí hẹlẹ, ó sì gbé e padà sí àárín yàrá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Mo fà á tì. Àwọn ọmọ ń wo ojú mi, èmi náà sì ń wo ilẹ̀.

Mo pe Màámi kí n lè béèrè irú bẹ́ẹ̀dì tó máa tù wọ́n lára. Wọ́n bi mí pé báwo ni yàrá náà.

"Ó ti ń mọ́, Mà. Yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù tí agbára wa kò ká, ó ku jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo láàárín rẹ̀."

Wọ́n ní, "Gbé fóònù fún ọmọ mi."

N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohùn ọkọ mi nìkan ni mò ń gbọ́: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Rárá, Mà, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bá jẹnẹrétọ̀ sùn. Mo ti gbọ́, Mà." Bó ṣe gbé fóònù fún mi, ẹ̀rín ti ń yọ létí ẹnu rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló pe ọkùnrin tó ń fi bárò kó irin kóńdẹ́mù. Ó tẹ̀ lé bárò náà dé títì, bí ẹni tó ń sin àlejò sọ́nà.

Láti ọjọ́ yẹn lòun náà ti ń bá wa kó ẹrù. Nígbà tó di pé a sún kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó wà lára ògiri ẹ̀yìn, ọkọ mi dúró lójijì. Ilẹ̀kùn kan ló wà níbẹ̀! Mo ti ń gbé ilé náà látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, nítorí òkìtì páànù tó dógùn-ún ló fara tì í níta.

Ó fi ọwọ́ pa á lára. "Ibí ni bàbá mi máa ń gbà wọlé tí wọ́n bá ti oko dé. Wọn kì í fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ iwájú ilé."

A kó páànù kúrò. A da epo sí irin tí wọ́n fi há ilẹ̀kùn náà, ọkọ mi fi òòlù lù ú, ó lù ú, títí ó fi yẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ti ṣí, atẹ́gùn rọ́ wọlé, oòrùn tan dé ìsàlẹ̀ ògiri. Igi gúáfà ló kọ́kọ́ yọ sí wa, ilé ìwẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jìnnà rárá. Mo ké, "Yéè! Olúwa ṣeun!" Àwọn ọmọ gba iwájú wọlé, wọ́n gba ẹ̀yìn jáde, wọ́n tún sá yípo ilé padà wá, bíi pé ilé tuntun la ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Ní Sátidé, Màámi kò gun àtẹ̀gùn kankan. Ọkọ̀ dúró sẹ́yìn ilé, wọ́n di ọkọ mi lọ́wọ́ mú, wọ́n sì rọra wọlé. Mo rí ẹrù tó wà nínú búùtù. Ìkòkò, apẹ̀rẹ̀, àpò. Ṣé ẹrù míràn tún ti dé nìyí? Màámi rí ojú mi.

"Ìyàwó mi, fọkàn balẹ̀. Èyí tí mò ń lò nìyí. Ìyókù ti wà lọ́wọ́ àwọn tó máa lò ó lóko."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ìta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún wa, gbogbo wa ń ṣe àmín.

Ìṣẹ́gun yẹn ló kì wá láyà tí a fi dojú kọ òkè. Abọ́ tó pọ̀ ju àwa àti àlejò wa lọ, a kó o fún ilé ìdáná sọ́ọ̀sì. Ọkọ mi kan ìṣó sára ògiri lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni báàgì àti bẹ́líìtì ń sùn. Màámi ló wá di ọ̀gá wa. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn na ọ̀pá wọn sí bàtà tí kò sí nípò rẹ̀, ẹni tó ni bàtà náà á sì sáré wá gbé e. Láàárín ìgbà díẹ̀, mo ti ń dé ilé-ìwé kí wọ́n tó lu aago.

Orúnkún náà fúyẹ́ nígbà tó yá. Màámi gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata sẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí a ti sọ́ọ̀sì dé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lọ ra ẹ̀fọ́. Wọ́n já a fúnra wọn, wọ́n sì jókòó tì mí bí mo ti ń sè é. Màámi rọra gòkè, gbogbo wa sì jẹun pọ̀ nínú pálọ̀ òkè, ilẹ̀ tẹ́jú, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti gbé ẹrù kúrò lórí àga kó tó jókòó. Àwo ṣófo. Ọkọ mi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n bu sí i.