Ọdún Tí Ẹsẹ̀ Mi Kọ̀ Láti Gbé Mi

Ikọ́ tó jà ní Kambolé lásìkò ọyẹ́ ọdún yẹn, kò sí ilé tí kò wọ̀. Ayé ìgbà tí àwọn Jámánì ń ṣàkóso ilẹ̀ Tógò wa ni. Wọ́n ti kó ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà lílà ní Sokodé, ó ku èmi àti ìyá rẹ̀ nílé. Àwa méjèèjì wúkọ́, ara wa gbóná, ara wa sì yá. Mo tilẹ̀ ti ru iṣu lọ sọ́jà Tchamba.

Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ọjà náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, bí ẹni tó tẹ ìjàlọ. Nígbà tí mo fi délé, orúnkún mi ti rọ̀. Mo mọ̀ lọ́kàn ara mi pé bí mo bá kúnlẹ̀, n kò ní lè dìde. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìdúró ni mo wà kí ìyá ọkọ mi. Èmi, ìyàwó ilé!

“Háà! O dúró kí mi? Ọkọ rẹ ò sí nílé, o wá dọ̀gá?”

“Ẹsẹ̀ ló ń ṣe mí, Ìyá.”

“Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ Tchamba lánàá! Ikọ́ tó ṣe ọ́ ló ṣe èmi náà, èmi arúgbó ṣì ń kírun lórí ìdúró.”

Èmi náà kì í gba ìgbàkugbà. Inú bí mi, mo kúnlẹ̀ gbì. Mo fẹ́ dìde, ara kọ̀. Mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń wò ó.

“Dìde.”

“N ò lè dìde, Ìyá.”

Ojú rẹ̀ yí padà. “Yéè, mo gbé! Kí ni n ó sọ fọ́mọ mi?”

Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi náà fi rọ. Ìyá ló ń gbé mi, ó ń wẹ̀ mí, ó ń fún mi ní kókó àgbàdo mu, ó sì ń bú mi: “O mà wúwo o! Gbogbo iṣu ọmọ mi lo jẹ tán.” Bó bá rò pé mo ti sùn, á máa sunkún. Àwọn ẹbí ní kó dá mi padà sílé bàbá mi. Ó lé wọn jáde. Áfáà kan ní Tchamba ránṣẹ́ pé òun ti rí irú rẹ̀ lẹ́yìn ikọ́ rí, pé ẹlòmíràn a dìde, ẹlòmíràn kì í dìde mọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè jẹun.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ padà. Itan tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá ń sá àgbàdo lágbàlá. Mo di ògiri mú, mo fa ara mi dìde, mo sì fi ògiri sílẹ̀.

“Ìyá.”

Ó yíjú. Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Alihamudu lilahi!” Ó jókòó gẹlẹtẹ sáàárín àgbàdo, ó bú sẹ́kún. Ó fẹ́ dìde wá bá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dìde. Mo rọra rìn lọ bá a, mo na ọwọ́ sí i.

“Rárá o,” ó ní, “n ó fà ọ́ ṣubú.”

“Ẹ dìde jàre, Ìyá.”

Ó di ọwọ́ mi mú, mo sì fà á dìde.