Okùn Aṣọ Tí Bàbá Mi Fi Wọn Irin

Bí aládùúgbò mi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gé irin, ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ máa wá ohun tí yóò gùn. Ẹ̀rù àtijọ́ ni. Láyé ọjọ́un tí owó epo rọ̀bì gbòde, mo ń fọ ẹnu láàárọ̀ kan lẹ́yìnkùlé wa ní Àgbádárìgì ni akọ ẹlẹ́dẹ̀ kan fi orí ya ọgbà wa láti apá ọ̀sà. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Mo fò gun tábìlì; orí rẹ̀ ni mo ti jẹ oúnjẹ àárọ̀.

Sójà lorúkọ rẹ̀. Ìyá Sènàmí tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ni ín, èdè Ègùn ló sì fi ń kẹ́ ẹ bí ọmọ. Ilé mùsùlùmí ni tiwa. Ibi tí Sójà bá fẹnu kàn, màmá mi á fọ̀ ọ́, á tún un fọ̀. Nígbà tó bá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní ìkírun, ó ní bó bá tún wọlé, òun á lọ bá àwọn èèyàn òun ní Ìjànìkín.

Aṣọ ni bàbá mi ń tà, ṣùgbọ́n ó ti ra ayùn irin àti fáìsì tó ń di irin mú, ó sì ti ń wá ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ó ní òun á ṣe ilẹ̀kùn: irin á dúró láàárín pákó méjì, orí á wọ ihò pákó òkè, ìdí á wọ ti ìsàlẹ̀. Ó gé okùn òwú tí màmá mi ń sá aṣọ sí, ó fi wọn gíga rẹ̀. Ẹni tó ń wọn aṣọ látàárọ̀ dalẹ́, kí ló fẹ́ ṣòro nínú irin?

Bí ayùn bá ti gbóná, ó ń bu omi sórí irin, okùn tó fi ń wọn irin kọ̀ọ̀kan sì ń mu nínú rẹ̀. Nígbà tó to àwọn irin náà ti ògiri, wọ́n dà bí ọmọ ilé kéú tí wọ́n tò láti orí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn. Bàbá mi wò wọ́n títí.

Ó ní, “Ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọn nǹkan.” Ó gbé ilẹ̀kùn náà kọ́.

Sójà dé lọ́sàn-án. Ó gbóòórùn àwọn irin gígùn, ó rìn dé ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn tí kò kan pákó ìsàlẹ̀, ó tẹrí ba bí ẹni ń kí àgbà, ó sì wọlé.

Ìyá Sènàmí ní, “Ẹ má bínú, Bàbá Rábíù, ó fẹ́ràn yín ni.”

Màmá mi ti ń di ẹrù. Okùn yẹn, tó ti gbẹ nínú oòrùn, ló mú láti fi so ó. Ó nà án mọ́ irin àbíkẹ́yìn lára ilẹ̀kùn, okùn gùn jù ú lọ. Ẹ̀rín pa á.

“Bàbá Rábíù, bí òjò bá pa okùn yìí, ṣé ẹ kì í rí i bó ṣe ń le tantan? Ó ń súnkì ni.”

Ó gbé ẹrù sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú u. Bàbá mi ra irin míràn, ó fi irin àkọ́bí wọn gbogbo wọn. Màmá mi dúró tì í: “Ẹ gé e síta ẹfun tí ẹ fi fàlà. Èyí tó gùn ṣeé họ. Èyí tó kúrú, ẹnu la ó fi fà á?”

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń gé irin, ká tó ṣẹ́jú ó ti parí. Sójà ti lọ, àwọn tó ni ín àti àwọn tó sá fún un ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn náà dípẹtà, ṣùgbọ́n kò sí àbíkẹ́yìn nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí a gbé e kọ́ lẹ́ẹ̀kejì, Sójà gbóòórùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì padà sílé. Màmá mi tú ẹrù rẹ̀. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì.