Okùn Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Mojísọ́lá

Báàgì dúdú kan wà tí Tíṣà Nathaniel Ìbíkúnlé kì í fi sílẹ̀ bó bá ń jáde nílé. Bó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà léjìká rẹ̀. Bó ń lọ kí aláìsàn, ó wà léjìká rẹ̀. Ìṣáná tó fi ọ̀rá wé wà nínú rẹ̀, àti tọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ, agolo, iyọ̀, gààrí, báńdéèjì, fèrè bíi ti rẹfirí, tapólì kékeré kan àti okùn ọ̀rá. Àwọn ará Èrìjìyàn a máa bi í bóyá ogun ń bọ̀ ni. Òun náà á ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ wọ́n á wá òun wá.

Ẹ má fojú yẹpẹrẹ wò ó o. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera nílé ìwé girama, láti Ẹfọ̀n títí dé Ìjerò, kò sì sí ilé ìwé tó dé tí kò dá ẹgbẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó bá dákú lórí ìlà láàárọ̀, òun ni wọ́n ń sáré pè. Ọmọ tó bá já bọ́ lórí igi máńgòrò tí apá rẹ̀ kán, òun ló máa fi pákó àti aṣọ dì í kó tó dé ilé ìwòsàn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ kó padà wálé, wọ́n sì gba oko kòkó tí bàbá Mojísọ́lá fi sílẹ̀ lódì kejì odò. Mojísọ́lá ló mọ oko. Inú oko yẹn ló dàgbà sí. Tíṣà mọ ìwé ní tirẹ̀, àmọ́ ó máa ń nira fún un láti gbà pé nǹkan kan wà tí ìyàwó òun mọ̀ tí òun kò mọ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì tóbi.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn méjèèjì ń kó kòkó jọ sábẹ́ igi nígbà tí Mojísọ́lá ké, tó sì fà sẹ́yìn. Ejò ti bù ú jẹ lókè ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Tíṣà gbé àdá, ó gé ejò náà sí méjì kó tó rá wọ inú ewé. Ejò náà kò gùn. Ó pọ́n rúsúrúsú, àmì dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Paramọ́lẹ̀ ni," Tíṣà wí.

Mojísọ́lá ti jókòó sílẹ̀, ó ń wo orí ejò náà. "Bàbá Bọ́ládé, kò jọ paramọ́lẹ̀ lójú mi. Orí rẹ̀ kéré. A máa ń rí irú rẹ̀ nígbà tí bàbá wa wà láyé, wọn kì í tilẹ̀ sá fún un."

"Mojí, dákẹ́. Ọ̀rọ̀ sísọ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ sáré."

Ìwé ìlera tó kà ní kọ́lẹ́jì láyé ọjọ́un sọ ohun tí èèyàn ní láti ṣe: kí wọ́n so ẹsẹ̀ náà le dan-in lókè ibi tí ejò ti bù ú, kí oró má bàa dé ọkàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún dé ọdún, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ara wọn dánra wò lórí pápá. Ó yọ okùn ọ̀rá, ó so ó sókè orúnkún ìyàwó rẹ̀, ó ki igi kan bọ̀ ọ́, ó sì lọ́ ọ títí okùn fi wọ inú ẹran ara. Igbe tí Mojísọ́lá ké nígbà yẹn ju èyí tó ké fún ejò lọ. Tíṣà ní kó fara dà á. Ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe ìkà. Ogójì ọdún tí wọ́n ti jọ wà ló ń rí lójú, ó sì dà bíi pé ó fẹ́ parí sábẹ́ igi kòkó.

Ó di òkú ejò náà sínú ọ̀rá kí dókítà lè rí i, ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀pá, ó fi èjìká gbé e dé etí odò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a pé òjò tó rọ̀ lókè ti kó omi wá, omi sì ti gbé afárá igi tí wọ́n gbà kọjá láàárọ̀ lọ. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó wo fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó gun orí àpáta, kò sí. Ó padà sọ̀ kalẹ̀, òjò sì bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn náà.

Ẹ wá wo Tíṣà lọ́jọ́ náà. Ó ta tapólì láàárín igi méjì, ó tẹ́ ewé sábẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó wá èèpo kòkó gbígbẹ lábẹ́ òkìtì ewé, ó fi dá iná nínú òjò. Ó fi agolo se omi, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó ń fún un mu. Ó ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, á dúró, á tún fọn. Gbogbo ohun tó wà nínú báàgì ló ṣiṣẹ́. Ká ní ẹlòmíràn ni, òtútù nìkan ìbá ti pa wọ́n.

Nígbà tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ náà ti ṣú, ó sì tutù. Mojísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Bọ́ládé, ẹ tú u díẹ̀. Mi ò mọ ẹsẹ̀ mi lára mọ́."

"Bí mo bá tú u, oró á gbà á wọlé."

"Oró wo? Láti àárọ̀, ojú mi ò ṣú, mi ò bì, mi ò laagùn. Bí oró bá wà, ṣé kò yẹ kí n ti rí i?"

"Okùn ni kò jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára."

Mojísọ́lá sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ lórúkọ Jésù, ó bẹ̀ ẹ́ lórúkọ Bọ́ládé ọmọ wọn, ó na ọwọ́ sí igi náà fúnra rẹ̀, Tíṣà sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó mú un bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà kan wà tí òun fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ lé igi náà láti dẹ̀ ẹ́, ó tún gbé ọwọ́ kúrò. Ó gbà á ládùúrà pé kí Ọlọ́run má gba Mojísọ́lá lọ́wọ́ òun.

Ó ti tó aago mẹ́ta kí Ọláníyì, tí oko rẹ̀ wà létí odò níhà ìlú, tó gbọ́ fèrè. Ó pe àwọn méjì wá, wọ́n gé igi méjì dábùú odò, ìyẹn sì gbà wọ́n ju wákàtí kan lọ. Tíṣà ti fi ọ̀pá méjì àti àpò kòkó ṣe ohun tí wọ́n á fi gbé e. Wọ́n gbé e kọjá, wọ́n gbé e sáàárín ọlọ́kadà àti Tíṣà dé Èrìjìyàn, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì gbé wọn gba Aramọkọ dé ilé ìwòsàn kan l'Adó.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú lónìí," ni Ọláníyì ń wí ṣáá nínú ọkọ̀. "Bó bá ṣe àwa ni, àá ti gbé òkú relé."

Dókítà Adérìnsọ́lá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn dáadáa, wo ẹsẹ̀ náà, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Ìgbà wo lẹ ti so ó, sà?"

"Aago mẹ́sàn-án."

"Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ yìí?"

Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fa ọ̀rá ejò lé e lọ́wọ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé. Dókítà ya fọ́tò ejò náà, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ kan tó mọ̀ nípa ejò. Èsì kò pẹ́. Ó pe Tíṣà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Sà, ejò yìí kò ní oró. Ojú ibi tó bù wọ́n jẹ ì bá kàn wú díẹ̀ ni. Okùn ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ẹsẹ̀ láti àárọ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ti kú, sà. A ní láti gé e, ká má bàa pàdánù màmá fúnra wọn."

"Ìwé tí mo kà..."

"Mo mọ̀, sà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní ká má so ó le bẹ́ẹ̀ mọ́."

Tíṣà buwọ́ lùwé pé òun gbà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí Mojísọ́lá jí, tó wo ibi tí aṣọ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ó wí. "Ẹ má bínú pé mo bá yín jiyàn. Ká ní ẹ gbọ́ tèmi ni, ẹ̀ bá ti sin mí." Tíṣà la ẹnu láti sọ ohun tí dókítà wí, kò lè sọ ọ́. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀túnla. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ni Mojísọ́lá ń ròyìn ọkọ rẹ̀ fún, Tíṣà á sì dìde jáde síta.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n délé, àwọn obìnrin ìjọ wá kí wọn, Ìyá Ẹ̀ríolúwa tó jẹ́ olórí wọn sì gbẹnu sọ fún gbogbo wọn. Wọ́n ń fẹ́ kí Tíṣà wá kọ́ ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi bó ṣe so ẹsẹ̀ náà, torí pé gbogbo wọn ló ń lọ oko. Ọláníyì, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, rẹ́rìn-ín. Ó fa okùn ọ̀rá tuntun kan yọ nínú àpò ṣòkòtò.

"Èmi ò tilẹ̀ dúró d'ọjọ́ Ìsinmi," ó wí. "Mo ti ra tèmi, mo ra tìyàwó mi, mo sì ti fi han àwọn ọmọ."

Tíṣà wo okùn náà.

"Ọláníyì, jù ú nù," ó wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ so ó. Ejò yẹn kò ní oró. Dókítà sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ni mo pa ẹsẹ̀ ìyàwó mi."

Ìyá Ẹ̀ríolúwa dìde, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n kí wọn jẹ́jẹ́, wọ́n lọ. Ó ku àwọn méjèèjì. Tíṣà kúnlẹ̀ síwájú àga ìyàwó rẹ̀, kò sì lè gbójú sókè. Mojísọ́lá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

"Mo bẹ̀ yín," ó wí. "Mo bẹ̀ yín lọ́jọ́ náà pé kí ẹ tú u."