Bí Ìjì Ṣe Ń Ya Ara Rẹ̀ Lórí Alùpùpù

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta, ìgò ẹ̀jẹ̀ mẹ́rìnlá kúrò ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní òdìkejì odò ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni alùpùpù fi ń rin ọ̀nà náà dé yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá. Aago kan ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé.

Ẹni tó gbé wọn kò ṣubú. Táyà rẹ̀ kò jò. Òjò kò rọ̀, ọlọ́pàá kò sì dá a dúró. Fídíò ló ń yà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn kiri nínú kúlà tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù ilé ìwòsàn. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Ìbejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Onítọ̀, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ ọn nínú méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ìjì. Ẹni tí kò rí ẹni kì í, á kúkú ki ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó rí ọkùnrin kan lórí fóònù tó ń gun alùpùpù ńlá kọjá láàárín òkè méjì. Orin ń dún lábẹ́ rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ń kọ̀wé sí i pé ọkùnrin mẹ́ta ni. Ìjì wo onítọ̀hún, ó wo ara rẹ̀. Òun náà ń gun alùpùpù. Òun náà ń gba ojú ọ̀nà. Ohun tó kù kò ju kámẹ́rà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bọ ṣe rò nígbà tó rí abẹ onígbàjámọ̀.

Ó wá kámẹ́rà kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú akoto rẹ̀. Fídíò àkọ́kọ́ jẹ́ ojú ọ̀run: ogún ìṣẹ́jú gbáko, ìkùukùu àti wáyà iná. Ó tẹ imú kámẹ́rà wálẹ̀. Èkejì jẹ́ táǹkì epo àti ikùn òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló wá burú jù. Bọ́tìnì kan náà ni wọ́n fi ń tan kámẹ́rà yẹn tí wọ́n fi ń pa á, ariwo ẹ́ńjìnnì kò sì jẹ́ kó gbọ́ nígbà tó bá dún. Ìgbà tó rò pé òun tan án, ó pa á. Ìgbà tó rò pé òun pa á, ó tan án. Nígbà tó délé tó wò ó, kò síbi tó ti ń gun alùpùpù níbẹ̀ rárá. Ibi tó ti ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn wà níbẹ̀. Ibi tó ti jókòó sórí kúlà tó ń jẹ búrẹ́dì wà níbẹ̀. Ibi tó ti tọ̀ sára ògiri wà níbẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó tán.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó rẹ̀ sọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, "èyí gan-an ni kí ẹ gbé jáde. Ó jọ yín."

Ó fi í sílẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà ńlá kì í bá aláìmọ̀kan jà. Ó gé fóòmù lára ibùsùn àwọn ìbejì, ó fi dí etí kámẹ́rà kí atẹ́gùn má baà máa ké níbẹ̀. Atẹ́gùn dákẹ́ lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì wá ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Alùpùpù kékeré ni, ohùn rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjì lọ wá ohùn alùpùpù ńlá lórí ayélujára, ó yọ ti ọmọlúwàbí, ó fi ti olówó rọ́pò. Bó ṣe ṣe eré sísá náà nìyẹn. Tó bá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láti gé fídíò kó sì tò ó lórí fóònù rẹ̀, á mú kí gbogbo rẹ̀ yá ní ìlọ́po mẹ́ta. Alùpùpù á wá máa fò bí ọfà. Àléébù ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì náà ń yá ní ìlọ́po mẹ́ta.

"Kí ló ń lé àwọn ìyá yìí?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Kò sí nǹkan tó ń lé wọn. Èmi ni kó o máa wò."

"Mò ń wò yín náà. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ayé bá ń sá lọ, ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀ ń sáré?"

Ìgbà mọ́kànlélógójì ni wọ́n wo fídíò yẹn. Ìjì ló wo mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀, láti orí fóònù rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló wá kíyè sí ohun tí fídíò rẹ̀ kò ní. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi alùpùpù hàn láti ìta: á yọ lókèèrè, á tẹ̀ mọ́ kọ́nà, á kọjá fììì, eruku á tẹ̀ lé e. Ta ló ń yà wọ́n? Ó béèrè lórí ayélujára, ẹnì kan sì dá a lóhùn pé kò sí ẹnì kankan. Èèyàn á gbé kámẹ́rà sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta létí ọ̀nà, á gun alùpùpù padà sẹ́yìn, á wá sáré kọjá níwájú rẹ̀, á sì tún yí padà wá mú un. Gbogbo àwọn akọni tó ń dá nìkan kọjá láàárín aṣálẹ̀ yẹn, wọ́n padà wá mú kámẹ́rà wọn ni.

Inú Ìjì dùn débi pé kò sùn. Ó yan kọ́nà kan lẹ́yìn afárá, níbi tí igi ńlá kan wà létí ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀nà ogójì ìṣẹ́jú di ti wákàtí kan, ó di ti wákàtí kan ààbọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á nínú jẹ́: kúlà. Funfun ni, ó rí gbàǹgbàlà, wọ́n sì kọ Ẹ̀JẸ̀ ÈÈYÀN sí i lára gàdàgbà. Kò sí bí akọni ṣe lè gbé nǹkan báyẹn sẹ́yìn kó ṣì jẹ́ akọni. Nítorí náà, tó bá ti dé kọ́nà, á tú okùn rẹ̀, á gbé e sílẹ̀ sínú koríko, á wá lọ ya ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta yẹn, ó gbé e sábẹ́ òjìji igi. Ó sáré kọjá lẹ́ẹ̀kíní. Tírélà kan bọ́ sáàárín òun àti kámẹ́rà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó nà ró gbàǹgbà bí ẹni tó gbé ẹyin. Lẹ́ẹ̀kẹta, kámẹ́rà ṣubú. Lẹ́ẹ̀kẹrin, bátìrì tán. Ó gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń lẹ táyà nítòsí, ó jókòó tì í fún wákàtí méjì kó lè gba iná. Kúlà wà nínú koríko. Igi kì í rìn, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ ń rìn. Nígbà tí Ìjì padà dé tó sì rí ohun tó ń wá ní ìgbà keje, oòrùn ti wà lórí kúlà tipẹ́, yìnyín inú rẹ̀ sì ti di omi gbígbóná.

Ní yàrá àyẹ̀wò, pẹpẹ kan wà lójú fèrèsé tí wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ lé. Ìwé kan wà lórí rẹ̀, ẹni tó gbé ẹ̀jẹ̀ wá ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ aago tó dé, nítorí obìnrin tó ń bẹ nínú ilé wọ ìbọ̀wọ́, ojú rẹ̀ sì wà lára ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Àǹtí Gíláàsì ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà, nítorí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó ti lo ọdún méjìlélógún nídìí ẹ̀rọ yẹn, kò sì fìgbà kan rò pé ẹnì kan á jókòó ti ẹ̀jẹ̀ èèyàn, á sì parọ́ aago. Ìjì gbé ìgò mẹ́rìnlá sórí pẹpẹ, ó kọ ọ́ pé òun dé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó lọ jẹun.

Nígbà tí Àǹtí Gíláàsì rí ìgò wọ̀nyẹn, ó wo ìwé, ó sì gbà pé òun lòun kò rí wọn láti àárọ̀. Ó gbé ọwọ́ lérí. Ẹ̀jẹ̀ inú mẹ́wàá ti bàjẹ́ lójú kòrókòró, ó dà wọ́n nù, ó ní kí wọ́n tún fa òmíràn. Mẹ́rin jọ pé ó ṣì dára, ó yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn jẹ́ ti bàbá káfíńtà kan tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ nínú oòrùn, ṣúgà inú rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Àbájáde sọ pé ṣúgà bàbá ti kéré jù, dókítà sì dín oògùn rẹ̀ kù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, ṣúgà bàbá káfíńtà ròkè, ó sì dákú sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n kọ ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ sí Àǹtí Gíláàsì: kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ fi wà lórí pẹpẹ rẹ fún wákàtí mẹ́rin? Bí kò bá rí èsì fún un, wọ́n á gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dúró de Ìjì níbi tí wọ́n ń gbé alùpùpù sí.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, gbọ́ mi."

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọmọ mi fi fídíò rẹ hàn mí, èyí tó o kọ ọjọ́ sí yẹn. Mo rí kúlà wa nínú koríko lẹ́yìn rẹ. Níbẹ̀rẹ̀ fídíò, inú òjìji ló wà. Níparí rẹ̀, inú oòrùn ló wà."

Ìjì rẹ́rìn-ín. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé fídíò òun ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà.

"Aago wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ," Àǹtí ń bá a lọ. "Fi hàn wọ́n. Mi ò ní kí wọ́n lé ọ. Ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mi ò sùn ti ẹ̀jẹ̀ èèyàn."

"Háà, Àǹtí. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Káàdì kékeré ni, ó ti kún."

Káàdì náà wà nínú àpò àyà rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó wọ ilé ìtọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ irọ́ yẹn di òtítọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló ronú pé ó dára bẹ́ẹ̀: àyè ti wà fún ìrìn ọ̀la.

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà: ọ̀gá àgbà, akọ̀wé, àti olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n pe Ìjì wá jẹ́rìí. Àǹtí Gíláàsì gbé fóònù ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ fídíò náà.

"Ẹ wo kúlà yẹn, sà. Ẹ wò ó níbí, inú òjìji ló wà. Ẹ wá wò ó nísinsìnyí. Òjìji igi kì í rìn tó báyẹn láàárín ìṣẹ́jú méjì."

"Dá a padà díẹ̀," ọ̀gá àgbà wí. Àǹtí dá a padà síbi kúlà. "Rárá, kì í ṣe ibẹ̀. Ibi tó ti tẹ̀ mọ́ kọ́nà yẹn. Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, sà."

"Alùpùpù wa yìí náà ló ń dún báyìí?"

"Òun náà ni, sà."

"Ọmọkùnrin yìí, o ò kéré o!"

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. "Kí ni kúlà ń wá nínú koríko?"

"Mo fẹ́ tọ̀ ni, mà," Ìjì dá a lóhùn. "Mo kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ kó má baà ṣubú."

"Ìtọ̀ tó gba kámẹ́rà?"

Ọ̀gá àgbà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ìwé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwé là ń tẹ̀ lé níbí, a kì í tẹ̀ lé òjìji igi."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Àǹtí Gíláàsì, wọ́n ní kó lọ máa fọ ìgò. Kò sunkún níwájú wọn. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó sì béèrè ta ló máa máa bójú tó ẹ̀rọ ní àárọ̀ ọ̀la. Kò sẹ́ni tó tíì rò ó. Wọ́n ní kí Ìjì dúró díẹ̀. Ọ̀gá àgbà fẹ́ kó ya fídíò kan fún ilé ìwòsàn, èyí tó máa fi hàn bí wọ́n ṣe ń yára gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn.

Ìjì yà á. Ó dára. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ èèyàn ti wò ó, ìyàwó rẹ̀ kò sì sí lára wọn. Bàbá káfíńtà wà láàyè. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé ayùn mọ́. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àràárọ̀, ìgò ẹ̀jẹ̀ ń kúrò ní òdìkejì odò, ọwọ́ kan náà ló sì ń kọ aago tí wọ́n dé.

Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ tìẹ náà lọ́jọ́ kan. Má kàn fa apá aṣọ rẹ wálẹ̀ kó o máa lọ sílé. Béèrè ẹni tó máa gbé e. Béèrè aago tó kúrò. Tó bá di ọ̀sán, padà lọ síbẹ̀, kó o béèrè aago tó dé, má sì gbà kí ẹni tó gbé e dá ọ lóhùn.